Ìgbálẹ̀ Òkè-Ẹ̀rí: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin Gíwá Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin Gíwá wa tí ẹ jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa gbogbo, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín, ẹ kú ìpàdé, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi pé ìta gbangba ni mo ti ń pè yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí ẹgbẹ́ máa tọ́jú wẹ́bsáìtì ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Ìwé àkọ́kọ́ bọ́ sáàárín àríyànjiyàn aṣọ ọdún, a ò rí i mọ́. Wọ́n ka ìkejì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó dára ni, wọ́n sì tún padà sórí aṣọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ aṣọ ṣe máa ń rí.

Atẹ̀wé ni mí. Láti 1988 ni ẹ̀rọ mi ti ń dún ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kò sì ní í bínú tí mo bá sọ pé òkú ló ń bọ́ mi: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé fídáù, pósítà ìdágbére, kàlẹ́ńdà ìrántí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo ra àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà Fọlágbadé. Ìyá alákàrà fi bébà wé e fún mi. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo tú u, ojú kan ń wò mí láti inú epo, mo sì mọ ojú náà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé ìtàn ìgbésí ayé ni. Epo ti jẹ ọdún tí wọ́n bí olóògbé, ọdún tí ó kú nìkan ló hàn ketekete. Mo jẹ àkàrà náà o, mi ò ní í purọ́. Àmọ́ mo yọ bébà náà sọ́tọ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Pé bébà ń kú, èyí ò ṣàjèjì sí atẹ̀wé. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé èyí tí a bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè yára kú ju bébà lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló fi kọ́ mi, lẹ́yìn tí ó ti kú.

Àwọn kan nínú yín mọ̀ ọ́n. Alàájì Tíṣà ni ìgboro ń pè é, ibẹ̀ náà ni n ó sì fi orúkọ rẹ̀ mọ nítorí àwọn ará ilé rẹ̀. Jọ́gíráfì ló fi ọdún 33 kọ́ àwọn ọmọ. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n kò sí Ojúde Ọba tí ẹ máa dé tí ẹ kò ní bá a níbẹ̀, kámẹ́rà lọ́rùn, ìwé kékeré lápò àyà. Bí ó bá ya fọ́tò yín tán, kò ní í jẹ́ kí ẹ lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yín? Ọmọ ilé wo? Ẹgbẹ́ wo?" Àwọn ayàwòrán yòókù á ti ya ogún èèyàn, wọ́n á ti gbowó, Tíṣà á ṣì máa béèrè orúkọ ìyá ẹni tí ó kọ́kọ́ yà.

Ní 2001 ló kó wọ inú íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn, káfè ni gbogbo wa ń lọ. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, NEPA á sì mú ìdajì rẹ̀ lọ. Òru ni Tíṣà máa ń lọ nítorí pé owó òru kò wọ́n, á jókòó sáàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí èèyàn kì í béèrè iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn. Orí GeoCities, ibi tí èèyàn ti lè ṣe wẹ́bsáìtì tirẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ́lé sí, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ Yahoo ti ra ibẹ̀ láti 1999. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2009, Yahoo ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọdún 8 Tíṣà wọlẹ̀ pẹ̀lú ti àìmọye èèyàn káàkiri ayé. Ìkìlọ̀ wà o, láti oṣù kẹrin ni wọ́n ti ń sọ ọ́, àmọ́ Tíṣà kò ṣí ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá mi sọ ju "ẹ ǹ lẹ́" lọ. Lẹ́yìn náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ilé ọ̀fẹ́ kì í ṣe ilé. Mo fẹ́ ra tèmi."

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí à ń rà. Háyà ni. Bí orúkọ yín tilẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, bí ẹ tilẹ̀ kun ògiri rẹ̀ fúnra yín, ọjọ́ owó ilé ń bọ̀.

Láàárín ọdún 12 tó tẹ̀ lé e, wẹ́bsáìtì náà di nǹkan. Gbogbo fọ́tò tí Tíṣà ti ń yà láti àwọn ọdún 1980 ló kó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sísàlẹ̀, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ó kọ oríkì ilé. Ó kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, bí a ṣe ń rin ẹwùrà, bí a ṣe ń bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀, àti ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ tètè rò ó. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú tí àwọn ọmọ wa kò sọ mọ́ jọ, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ wọ́n sínú ẹ̀rọ kí ẹni tó ń kà má baà ṣì wọ́n pè. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀n pé ìyá òun ló wà nínú fọ́tò báyìí, Tíṣà á gun ọ̀kadà wá sọ fún mi kí ó tó dá ẹni náà lóhùn.

Ó kú ní 2022, lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsàrì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwa Mùsùlùmí, ilẹ̀ kò ṣú bá òkú rẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ kẹjọ, a ṣe fídáù. Èmi ni mo tẹ ìwé ètò rẹ̀, ojú ewé 12, mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ni mo tẹ àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì rẹ̀ sí, gàdàgbà gàdàgbà, pé kí àwọn èèyàn lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. A pín ẹran, a pín búrẹ́dì, a ṣe àdúà. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló mọ páswọ́ọ̀dù. Èmi tí mo tẹ àdírẹ́sì náà, èmi náà ò béèrè.

Ohun tó tàn wá jẹ ni pé kò kú lójú ẹsẹ̀. Tíṣà ti san owó ọdún 2 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó kú, nítorí náà wẹ́bsáìtì ń ṣí, gbogbo wa sì rò pé ó lè dá dúró ni. Nígbà tí ọjọ́ owó pé, ímeèlì ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àpótí ẹni tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń wọ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló wá là á yé mi nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àdírẹ́sì tó bá parí sí .com, ọdún 10 ni òpin ohun tí èèyàn lè san sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò wọlé, ilé-iṣẹ́ tí ẹ gba háyà lọ́wọ́ rẹ̀ lè mú sùúrù fún yín, òmíràn a tó ọjọ́ 45. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 wà tí ẹ ṣì lè rà á padà, àmọ́ owó ìtanràn á ti gorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 5 péré, ó ti bọ́ sọ́jà fún gbogbo ayé.

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà sáré o, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Ilé-iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń sanwó fún ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Ó mú un wá. Wọ́n ní kí ó fi ránṣẹ́ láti inú ímeèlì tí àwọn mọ̀. Ímeèlì tí wọ́n mọ̀ ni ti bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ wọ ímeèlì bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù. Fóònù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá rẹ̀ níbí, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e, kò sẹ́ni tó ti chájì rẹ̀ láti ọjọ́ fídáù.

Síìmù tí kò bá ṣiṣẹ́ kankan fún oṣù 6 lórílẹ̀-èdè yìí, wọ́n lè pa á. Bí oṣù 6 mìíràn bá kọjá, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Bí ìyá àwọn ọmọ ṣe mọ èyí nìyí: ní alẹ́ ọjọ́ kan tí oorun ò kùn ún, ó tẹ nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò retí nǹkan kan, òun kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni. Ó dún. Ọmọkùnrin kan gbé e, Haúsá ló ń sọ, ó ń béèrè pé ta nìyẹn, ta nìyẹn. Ìyá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì títí tí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀, wọ́n tà á fún un ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ni gbogbo kóòdù tí a ń wá ń lọ.

Ní ìparí ọdún 2024, oníbàárà kan mú ìwé fídáù Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́ fún bàbá òun. Ó ti tẹ àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn ìwé náà sínú fóònù rẹ̀. Ó yí fóònù náà sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé Alàájì yìí ń ta tẹ́tẹ́ ni?" Mo wo ojú fóònù. Pupa ni gbogbo rẹ̀, bọ́ọ̀lù, káàdì, owó tó ń já bọ́ látòkè, èdè tí mi ò lè kà. Orúkọ Tíṣà ló sì wà lókè, bí ó ṣe kọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó gba háyà náà. Ọkùnrin tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì púùlù rí láyé rẹ̀.

Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kan ni. Wọ́n ń ṣọ́ àdírẹ́sì tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀ bí igún ṣe ń ṣọ́ ẹran. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ojú ewé ti ń tọ́ka síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí sì ti kà á mọ́ ẹni rere, nítorí náà ẹni tó bá gbà á ti gba orúkọ rere olóògbé mọ́ ọn. Wọ́n gbé e wọ̀ bí agbádá.

Ọmọ mi obìnrin ló rí ìwọ̀nba tó kù. Ó mú mi lọ sórí Internet Archive, ilé ìpamọ́ tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Wayback Machine, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ayé ní 2001. Ó máa ń rìn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń da ohun tí ó bá bá pàdé kọ. Kò mọ Ìjẹ̀bú, kò mọ Tíṣà. Ó kàn ti gba ibẹ̀ kọjá ní ìgbà mélòó kan. Nínú ojú ewé tó lé ní 200 gẹ́gẹ́ bí ìwé kékeré Tíṣà ṣe sọ, 11 la rí. Àwọn fọ́tò kò sí níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ló ṣẹ́kù. Ẹ ó rí àpótí kékeré tó ṣófo, lábẹ́ rẹ̀ ẹ ó ka: "Ẹni kẹta láti apá òsì ni Ìyá Ẹlẹ́kọ Ìtòrò. Òun ló ní kí n má ya òun láti ẹ̀gbẹ́." Orúkọ wà, ojú kò sí. Fún èmi tí mò ń tẹ ojú tí kò lórúkọ sórí kàlẹ́ńdà láti ọjọ́ yìí, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí Òkè-Ẹ̀rí díẹ̀, níbi tí sàréè Bilíkísù Sùngbọ́ wà. Láti kékeré la ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Olówó ni, opó ni, kò sì bímọ. Wọ́n ní nígbà tí ó rí i pé kò sí ọmọ tí yóò máa jẹ́ orúkọ òun lọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò, kòtò àti ògiri ńlá, yí ilẹ̀ ká. Àwọn kan ní òun náà ni Ayaba Ṣébà; ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, àwọn onímọ̀ kò tíì gbà á. Ti kòtò ni kí ẹ mú. Ó tó kìlómítà 160 yíká, ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ògiri á tó mítà 20, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rìn ín, ó wọ̀n ọ́n, nígbà tó sì di 1999 ìròyìn rẹ̀ kàn káyé. Tíṣà ti ń fi okùn wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kí ó tó dìgbà náà, àmọ́ ta ló mọ̀? Ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé tó sọnù ni.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Sùngbọ́ kò ní ọmọ tí yóò sin ín, gbogbo ayé ló ń lọ síbi sàréè rẹ̀. Wọ́n ní koríko kì í hù níbẹ̀, ewé kì í sì í já bọ́ síbẹ̀. Èmi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Tíṣà mú mi débẹ̀, ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni bàbá kan tó di ìgbálẹ̀ mú. Mo tọ́ Tíṣà léjìká, mo ní, "Bí ewé ò bá já bọ́, kí ni bàbá ń gbá?" Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó gba òdo nínú ìdánwò. Ó ní, "Atẹ̀wé, ta lo rò pé ó ń mú ìtàn náà dúró?"

Ìgbálẹ̀ yẹn ni mo wá bẹ̀ yín sí.

Mo fẹ́ kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú wẹ́bsáìtì ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Ẹ ó ní ṣebí ó ní ọmọ. Àwọn ọmọ wa wà ní Kánádà àti ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n ń wá oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè ka Yorùbá tí bàbá wọn fi kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ojú yín ló wà nínú àwọn fọ́tò náà.

Àmọ́ ìṣòro kan wà tí mo fi oṣù mẹ́ta rò kí n tó rí ojútùú rẹ̀, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n tún kọ lẹ́tà kẹta. Ẹgbẹ́ ẹni kò jìnnà síni lọ́jọ́ orí. Bí ẹ bá fi wẹ́bsáìtì Tíṣà lé àwọn ẹgbẹ́ Tíṣà lọ́wọ́, ọdún mélòó ni wọ́n tún ní? Ìpàdé ẹgbẹ́ tèmi, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn kò gbà wá. Ní báyìí, sítóòpù ilé Gíwá ti tó. Nítorí náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ olóògbé ló yẹ kí ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn ni. Bí ẹ ṣe ń tò wọlé lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí ẹgbẹ́ kan ń kọjá tí òmíràn ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni kí kọ́kọ́rọ́ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ tó dì í mú náà bá ń tán lọ, kí wọ́n fà á lé àwọn àbúrò wọn lọ́wọ́. Kábíyèsí Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025 ló jí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde padà fún wa láàárín ọdún 65 tí wọ́n lò lórí ìtẹ́. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa kò sí lọ́wọ́ ilé kan ṣoṣo tó lè parun. Ìtò ni, ó ń tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lò ó.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Nínú fọ́ọ̀mù ọmọ ẹgbẹ́, níbi tí ẹ ti ń béèrè ìbátan tó súnmọ́ni jù lọ, ẹ fi ìlà mẹ́ta kún un: ṣé ẹ ní wẹ́bsáìtì, ìgbà wo ni owó rẹ̀ ń pé, ta ló lè wọ ímeèlì tí ẹ fi gbà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ páswọ́ọ̀dù sí fọ́ọ̀mù o. Mo mọ akọ̀wé tó fi fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ pa eṣinṣin. Kí ó wà nínú ẹ́ńfẹ́lọ́ọ̀bù tí a lẹ̀ pa, lọ́dọ̀ lọ́yà tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ọmọ ẹgbẹ́ náà bá fọkàn tán.

Ní ti ímeèlì, ẹni tó bá ń lo ti Google, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ó ṣe é kí ó tó sùn lálẹ́ òní. Ibì kan wà nínú àkáǹtì tí èèyàn ti lè sọ pé bí mi ò bá yọjú fún oṣù 3, tàbí oṣù 6, títí dé 18, ẹ kàn sí àwọn èèyàn báyìí, ẹ fún wọn ní ohun báyìí. Èèyàn 10 lẹ lè dárúkọ. Láti 2013 ló ti wà níbẹ̀. Láti ìparí 2023 ni Google sì ti sọ pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún 2, àwọn lè pa á rẹ́, tòun ti lẹ́tà, tòun ti fọ́tò. Facebook náà ní irú rẹ̀ láti 2015. Àmọ́ ẹ má fi Facebook ṣe ilé. Ẹṣin àti agbádá Ojúde Ọba 2024 tí gbogbo ayé ń pín kiri, ó dùn mọ́ mi, mo pín in pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni gbogbo fọ́tò yẹn wà, bí GeoCities ṣe jẹ́ ilé onílé.

Ẹ̀rù owó kì í ṣe ẹ̀rù. Àdírẹ́sì .com kì í sábà ju bíi dọ́là 10 sí 20 lọ lọ́dún. Èèyàn á tún san owó ààyè tí àwọn fáìlì wà. Owó kúlà ìrẹsì kan níbi fídáù ju ti àdírẹ́sì lọ. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà san án lẹ ní láti rò, nítorí ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì wa ti káàdì náírà mọ́ ọjà òkèèrè, ọjọ́ tí káàdì bá kọ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀. Kí ẹni kan nílé àti ẹni kan lókè òkun jọ di ọjọ́ owó náà mú. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà. Èmi á tẹ kàlẹ́ńdà náà.

Kí ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú mọ́tò òkú, tí a ń gbé éńjìnnì rẹ̀ kiri. Wẹ́bsáìtì tó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lábẹ́ a máa bàjẹ́ bí kò bá sí ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ ní kí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́ di ojú ewé gbọnrangandan: ọ̀rọ̀ àti fọ́tò, kò sí nǹkan mìíràn. Ojú ewé àkọ́kọ́ tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, gbé jáde ní ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì CERN ní 1991, irú bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2013 CERN dá a padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́, fóònù ọwọ́ yín sì lè ṣí i. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fíláàṣì méjì nílé ènìyàn méjì. Kí ẹnì kan sì lọ fún Wayback Machine ní àdírẹ́sì náà kí ó dà á kọ, nítorí kò pọn dandan kí a dúró dè é títí ó fi máa kọjá. A lè pè é wá, ọ̀fẹ́ ni.

Ọkùnrin ará Kánádà kan wà, Derek Miller. Jẹjẹrẹ pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ọmọ ọdún 41. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ gbé e jáde bí òun bá ti lọ, kí wọ́n sì fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sísọ wẹ́bsáìtì òun di ibi ìpamọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rántí òun. Iṣẹ́ ló fà lé wọn lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé àwọn kan á gbé dìde. Tíṣà kọ ojú ewé kan lórí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ àdúgbò kan dó, ilé kan sì bínú sí i títí ó fi kú. Nígbà tí wẹ́bsáìtì náà lọ, mo gbọ́ pé ẹnì kan nínú ilé yẹn ní "Àlùbáríkà." Bí ẹgbẹ́ bá di kọ́kọ́rọ́ mú, ta ló máa dá irú èyí? Èrò tèmi ni pé a kì í ti ẹnu òkú yọ ọ̀rọ̀. Bí ilé kan bá ní Tíṣà parọ́, kí wọ́n kọ tiwọn, kí ẹ gbé e sísàlẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí ẹni tó ń kà dá a. Àwọn lẹ́tà àdáni rẹ̀, àwọn ohun tí kò gbé síta nígbà tí ó wà láàyè, ìyẹn ti ìyàwó àti ọmọ ni. Ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣí i.

Àdírẹ́sì Tíṣà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́. Mo ti ní kí ọmọ mi máa ṣọ́ ọ bí àwọn náà ṣe ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbàgbé owó, a ó wà níbẹ̀. Títí dìgbà náà, ojú ewé 11 yẹn wà nínú fíláàṣì kan nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, apá ọ̀tún, lábẹ́ ìwé rìsíìtì. Ẹni tó bá ní fọ́tò Ojúde Ọba tí Tíṣà yà, tí ó fún un ní ẹ̀dà nígbà náà, kí ó mú un wá, a ó dá ojú padà sórí orúkọ. Mi ò kéré mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà síta: kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà, ọ̀kan wà lára mi, ìkejì wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá mi gé bébà. Ọmọ ọdún 24 ni. Mo ti fi hàn án.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde